Má Jẹ́ Kí Ọkọ Rẹ Tún Íápíìsì Yìí Ṣe

Ilé Alfa Sàká,
Cow Lane,
Accra.
Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Fàsílátù, àbúrò mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Mùktárù, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé eékún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ti ń fún ọ ní ìsinmi díẹ̀? Ṣé ò ń lo òróró tí mo fi ránṣẹ́, àbí o ti gbé e fún ìyá ọkọ rẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ? Ní tiwa níhìn-ín, ara mi le. Lubabah, ọmọ mi tó tún jẹ́ ọmọ rẹ, wà dáadáa, ó ti ga jù mí lọ báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ Yorùbá sí i ní gbólóhùn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ni yóò fi Twi dáhùn. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa, a dúpẹ́.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà sí ọ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo tún gbé e mì. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá bú sẹ́kún, èmi náà á bú sẹ́kún, káàdì á sì tán kí n tó sọ ìdajì rẹ̀. Àti pé o kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀. Inú lẹ́tà nìkan ni o kò ti lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Abdul-Rahim, ọmọ Alàájà tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ń bọ̀ ní Ìnísà fún Iléyá, òun ni mo fi páálí yìí rán. Ohun kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí mo fi ìborùn mi dì. Má tíì tú u o, ka lẹ́tà yìí tán ná. Mo sì mọ̀ ọ́, o ti tú u.

Ṣé o rántí ọjọ́ kẹjọ ikú Bàbá, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Àwọn àlejò ti lọ, ìwọ àti èmi jókòó nínú àgbàlá, à ń fọ ìkòkò. O dáwọ́ dúró, o sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ohùn Màámi ṣe rí?" Mo ní, "Ohùn obìnrin ni." Mo sì ń fọ ìkòkò mi lọ. O kò bi mí mọ́ títí o fi wọ ọkọ̀ padà sí Ìnísà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ mí lọ́kàn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti gbàgbé, Fàsílà. Ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí Màámi kú, kò sí ẹni tó máa bá ọ wí pé o gbàgbé. Èmi ti pé ọdún mẹ́tàlá. Èmi ni mo dúró ti Bàbá ní Accra nígbà tí Ìyá àgbà wá gbé ìwọ lọ. Mo rántí ọwọ́ Màámi, mo rántí òórùn ọṣẹ tó fi ń wẹ̀, mo rántí bó ṣe máa ń ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ara rẹ̀ bó bá jókòó. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n kò sì mọ ọjọ́ tó bọ́. Ojú tì mí láti sọ fún ọ, ni mo bá fi ìbínú bo ìtìjú. Jọ̀wọ́, fi jì mí.

O sì mọ̀ pé kò sí ibi tí a ti lè wá ohùn náà lọ. Nígbà tí Bàbá ra rẹ́díò ńlá yẹn tó ń gba ohùn sílẹ̀, tí gbogbo Cow Lane ń wá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn, Màámi kò sún mọ́ ọn. Ó ní òun kò ní fi ohùn òun sílẹ̀ sínú àpótí, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òun, kó wá kí òun nílé. Tafsíìrì, ìtumọ̀ Kùránì tí Bàbá máa ń ṣe nínú ààwẹ̀, nìkan ló wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó kù, àwọn tó máa ń gbà sílẹ̀ tó sì máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Mọ́kànlá ni wọ́n, inú agolo bísíkíìtì ni mo kó wọn sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí n kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kaneshie, mo máa ń gbọ́ wọn bí mo ṣe ń to bọ́tìnì àti sípù tí mo fẹ́ kó lọ lọ́jọ́ kejì. Ohùn Bàbá ń bá mi gbélé.

Téèpù kékeré tí mo fi ń gbọ́ wọn kò lè dá sọ̀rọ̀ síta, àfi kí ènìyàn fi íápíìsì sí etí. Íápíìsì ńlá tí Bàbá lò nígbà tí etí rẹ̀ ń lọ ni mo ń lò, èyí tó máa ń dé lé orí fìlà bí ẹni tó fẹ́ wa bàálù. Nígbà tí awọ ibi tó ń kan etí bó tán, èmi ni mo rán aṣọ sí i, aṣọ tó ṣẹ́ kù lára búbá rẹ. Nínú oṣù Rajab tó kọjá, íápíìsì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Etí òsì á dákẹ́, bí mo bá fún wáyà rẹ̀ lọ́rùn, níbi tó ti wọ irin kékeré tí a ń kì bọ ihò téèpù, á tún sọ̀rọ̀. Mo fi rọ́bà dè é. Mo fi òwú dè é lé rọ́bà. Mo ń fi ọwọ́ kan di ọrùn rẹ̀ mú, mo ń fi ọwọ́ kejì to bọ́tìnì, títí tó fi dákẹ́ lẹ́tí méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Mo gbé e lọ bá Fatawu, ọkùnrin kan tó ń tún rẹ́díò ṣe ní Tudu. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Hausa la jọ máa ń sọ, Alata ni wọ́n sì ń pe àwa Yorùbá níbí, ó ní, "Hajia Alata, jù ú nù. Ó ti gbó." Ó wá ń fi àwọn tuntun tó so kọ́ hàn mí. Inú bí mi. Mo bi í pé nígbà tí bàbá tirẹ̀ gbó, ṣé ó jù ú nù ni? Mo ra ẹnu wáyà tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, irin kékeré náà ni mò ń wí, àti òjé díẹ̀. Mo yá irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé, mo sì wọ ọkọ̀ tròtrò padà sílé. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá tún un ṣe.

Lubabah wá fídíò ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe irú rẹ̀ jáde lórí fóònù rẹ̀. Ọmọkùnrin náà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, èmi náà gé e. Okùn mẹ́ta ló wà nínú wáyà náà, wọ́n tín-ín-rín bí irun. Pupa wà fún etí kan, aláwọ̀ ewé wà fún èkejì, ẹ̀kẹta tó ń dán bí idẹ ni méjèèjì jọ ń lò. Ọmọkùnrin náà ní ọ̀dà ni àwọ̀ tó wà lára wọn, ọ̀dà yìí kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà kí a fi iná jó orí wọn kí a sì fi abẹ fá a. Mo jó pupa, mo fá a. Mo jó aláwọ̀ ewé, mo fá a. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀kẹta, mo wò ó, ó ń dán, mo ní èyí wà níhòòhò tẹ́lẹ̀, kò ní ọ̀dà kankan lára. Lubabah ní, "Màmá, ó ní gbogbo ẹ̀ o." Mo ní ogún ọdún ni mo ti ń ta òwú, ṣé òun ló fẹ́ kọ́ mi ní okùn? O mọ agídí mi, èyí tí ìwọ àti Bàbá máa ń pè ní àìsàn. Mo fi òjé jó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ààyè wọn, mo ta kókó sí wáyà náà kí ó má lè yọ mọ́, irú kókó tí a ń ta sídìí bọ́tìnì, mo sì dé irin náà pa. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Kásẹ́ẹ̀tì tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni tafsíìrì ààwẹ̀ tó ṣáájú ikú Màámi. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú téèpù, mo dé íápíìsì. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Ohùn Bàbá tó máa ń gba gbogbo orí mi ti jìnnà réré, bí ìgbà tó ń wàásù ní òpópónà kejì. Mo gbọ́ adìẹ. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn tó ń han. Mo gbọ́ ọmọdé tó ń rojú, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará iyàrá gbọ́. Ó ní, "Dákẹ́, Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mi, má sunkún mọ́. Wọ́n ń gba ohùn Bàbá rẹ sílẹ̀. Tó o bá dákẹ́, àkàrà kóòsé kan ń bẹ lábẹ́ igbá, ìwọ nìkan ni mo fi í pamọ́ fún."

Mo yọ íápíìsì lórí, mo sì wo ẹ̀yìn mi. Lubabah nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń tẹ fóònù. Mo tún dé e padà. Fàsílà, Ohùn Màámi ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, kò sì sí ohun tí mo fi wọ̀n ọ́n, ara mi ló dá a mọ̀ kí orí mi tó mọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí o máa béèrè ẹni tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìwọ ni. Oríkì rẹ ni, Màámi nìkan ló máa ń fi pè ọ́. Lẹ́yìn tó kú, ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ ní Àwẹ̀ró, o máa ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ máa wo inú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá àgbà wá gbé ọ, ó rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí a má fi orúkọ yẹn pè ọ́ mọ́ kí ara ọmọ lè balẹ̀. A fi í sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, èmi náà gbàgbé pé o ní in. Ọdún márùndínlógójì ni ẹnikẹ́ni kò fi pè ọ́ bẹ́ẹ̀, àfi inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Lubabah rí omi lójú mi, ó rò pé irin gbígbóná ló jó mi. Mo dé íápíìsì náà fún un. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin mà nìyẹn, anaa?" Mo ní rárá, ìyá àgbà rẹ tí o kò bá láyé ni. Ó ní bí mo ṣe máa ń bá òun sọ̀rọ̀ nígbà tí ara òun kò bá yá gan-an nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ohùn tí mo fi ń tajà ní Kaneshie ni mo mọ̀ mọ́ ara mi. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú mi.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sọ́dọ̀ Fatawu láti bi í léèrè ohun tó ṣe Bàbá tí ohùn rẹ̀ fi jìnnà. Ó tú irin náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní okùn kẹta kò mú rárá, òjé kàn jókòó lé e lórí ni, pé dídán tó ń dán bí idẹ yẹn, ọ̀dà náà ni. Okùn yẹn ni ọ̀nà tí ohùn etí méjèèjì ń gbà padà. Bí kò bá mú, etí ọ̀tún àti etí òsì á máa bá ara wọn jà: ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba, wọ́n á pa á rẹ́, èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ kan wá ló máa ṣẹ́ kù. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí iyàrá Bàbá. Ihò kékeré méjì ni rẹ́díò ńlá yẹn fi ń gbọ́ràn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. O lè má rántí, Bàbá máa ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ wọn ọ̀nà láti ẹnu rẹ̀ dé igun rẹ́díò níhìn-ín, á tún wọ̀n ọ́n dé igun kejì lọ́hùn-ún, kó má baà tẹ̀ sí apá kan. Ó jókòó sí àárín gbùngbùn. Màámi sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ní apá ọ̀tún, ó gbé ọ lé ẹsẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo rí i tí Fatawu ti ṣáná, tó fẹ́ fi jó okùn kẹta. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀ fún yín, Hajia." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín Tudu, àwọn ènìyàn ń wò wá. Mo ní kó dé e padà bó ṣe bá a. Ó ní iṣẹ́ tó bàjẹ́ ni. Mo ní mo mọ̀.

Mo ti fi íápíìsì Lubabah tó dára gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan náà. Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láti gbogbo ọdún yìí wá, ohùn rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi íápíìsì tó bàjẹ́ gbọ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá tó kù, kò sí Màámi nínú ọ̀kankan. Lubabah gbìyànjú láti fi fóònù gbà á, ohun tó rí gbà kò ju igbe ẹ̀fọn lọ. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yìí àti íápíìsì kan ṣoṣo tí mo tún ṣe ní àtúnbàjẹ́ ni a ní.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ọ kí n tó pinnu láti sọ fún ọ. N kò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ pa á mọ́ fún ara mi. Mo ń sọ fún ara mi pé wáyà náà á já lọ́nà, pé ọ̀nà Ìnísà jìn, pé èmi ni mo jìyà tọ́jú Bàbá. Mo tún jowú rẹ, nítorí ìwọ ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi wà níbì kan nínú ilé náà, kò tètè pè mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọ pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́, tí o ń dúró kí n sọ bí ohùn ìyá rẹ ṣe rí. Ìwọ ló béèrè, ìwọ sì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Mo dì í sínú ìborùn mi lọ́jọ́ náà, ilé sì ti dákẹ́ jù fún mi láti ìgbà náà.

Téèpù, kásẹ́ẹ̀tì àti íápíìsì ló wà nínú ìborùn náà. Mo ti ki òkúta iná méjì tuntun bọ téèpù. Irin ni kí o dì mú bí o bá fẹ́ fà á yọ, má fa wáyà láéláé. Dúró títí Bàbá yóò fi ka Fátíhà tán, ká ẹsẹ̀ rẹ sábẹ́ kí o jókòó, yóò sọ̀rọ̀. Má máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà, kásẹ́ẹ̀tì náà ti darúgbó. Ọ̀kan péré ni ẹ̀rù tó ń bà mí, ọkọ rẹ ni. Mo mọ Mùktárù. Oníṣẹ́ iná ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í rí ohun tó bàjẹ́ kó gbé jẹ́ẹ́. Yóò gbọ́ ọ, yóò ní "Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?", kí o tó dé láti ọjà, ó ti tú u, ó ti jó okùn kẹta, yóò sì máa dúró kí o dúpẹ́. Ka ibi yìí sí i létí: ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ní kí ẹ dákun, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò. Iṣẹ́ náà kò dára, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ ẹ.

Ọlọ́run á jẹ́ kí páálí yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ láyọ̀. Yóò fún eékún rẹ ní ìlera, yóò dá àwọn ọmọ sí, yóò jẹ́ kí a tún jókòó sí àgbàlá kan náà kí n dáhùn ìbéèrè rẹ dáadáa. Yóò kẹ́ Bàbá, yóò kẹ́ Màámi. Áàmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Jàmílátù.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí kí n tó rántí. Ní òpin kásẹ́ẹ̀tì náà, nígbà tí Bàbá bá ń ṣe àdúà ìkádìí, Màámi ní, "Jàmílà, gbé ẹní wá. Ó ti sùn." Ìwọ lo ti sùn. Gbólóhùn yẹn nìkan ló bá èmi sọ nínú gbogbo rẹ̀. Bí o bá ti gbọ́ tìrẹ tán, má tíì pa á. Jọ̀wọ́, bá mi gbọ́ tèmi.